Àwọn Mẹ́jọ Tó Tẹ Aba Wa Dó

Àwọn ará Ṣáínà ni mo kọ́kọ́ jowú, n ò ní í purọ́. Àbígbẹ̀yìn mi ló fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, nípa àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń pè ní Hakka. Wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni àlejò, torí ibi tí wọ́n bá ṣí dé, àwọn mìíràn ti gba ilẹ̀ tó dára níbẹ̀, orí òkè àti etí igbó ló máa ń kù fún wọn, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ro. Ìtàn wọn ti fẹ́ di ìgbàgbé. Wàyí o, àwọn ọmọ-ọmọ wọn ti ń wá a kiri, wọ́n ń ṣí ìwé ìran wọn, wọ́n ń tọ́ka sí ahoro pé lágbájá ló kọ́ èyí, tàmẹ̀dù ló gbẹ́ kànga yìí. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú ògiri tó ti wó, ó ń ka orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ lọ ràì, kò kọsẹ̀, títí ó fi rẹ èmi tí mò ń gbọ́ ọ. Mo pa fóònù náà, mo jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló dé tí ẹni tí n ò mọ̀ rí fi ní ohun tí èmi ò ní?

Nítorí àwa náà ní tiwa. Láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n, lẹ́yìn odò kékeré kan, ilé baba mi ní aba kan níbẹ̀ nígbà kan. Nígbà tí igbó ṣì jẹ́ igbó, àwọn kan jáde nínú agboolé wa ní Ìlobù, wọ́n mú ọkọ́ àti àdá, wọ́n lọ pa ahéré síbẹ̀. Ahéré di aba, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Nígbà tó yá, kálukú ń padà sí ìlú díẹ̀díẹ̀, torí ilé ìwé, torí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ìjà ilẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìyá mi ni ìyàwó tó kẹ́yìn tí wọ́n mú lọ gbé ibẹ̀, òun náà sì ti kú, ó di ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá bi ọmọ agboolé wa léèrè lónìí pé ta ló tẹ aba yẹn dó, á ní, “Àwọn bàbá wa ni,” á sì máa tẹ fóònù rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ ni mí. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni n ó kọ ìwé aba náà, ìwé pẹlẹbẹ, tí a ó tẹ̀, tí a ó sì kà sétígbọ̀ọ́ gbogbo ẹbí lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Bí mo bá ní torí ìran mi nìkan ni, irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kí wọ́n wí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́, òun ló jogún ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ẹnì kan jókòó níbẹ̀ kó gbọ́ ọ ketekete. Ẹni náà ni ìyàwó àbúrò mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin yìí. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, aṣọ ló ń rán. Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ẹ wá sílé, èmi ti wà nílé ọkọ ní Òṣogbo. Ìyàwó kì í sì í fi orúkọ pe ọmọ ilé tó bá níbẹ̀, ló bá sọ mí ní Akọ̀wé. Bí mo bá ti dé Ìlobù, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀: “Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ kú àbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ọ̀nà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Kò sí ibi tí mo lè ti mú un. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Òun ló tọ́jú ìyá mi. Ní gbogbo ọdún tí ẹsẹ̀ ìyá mi ò gbé e mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Èmi á dé ní ìparí oṣù pẹ̀lú búrẹ́dì àti mílíìkì, n ó bá àwọn méjèèjì lórí àpótí nínú ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, ọ̀rọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo bá ti yọjú, ìyá mi á ní, “Háà, Tíṣà dé!” Ọ̀rọ̀ á dúró, wọ́n á sì lọ gbé àga wá fún mi láti pálọ̀. Àga! Nínú ilé ìdáná ìyá mi. Ìyàwó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eékún wọn ń kan ara wọn, èmi ọmọ rẹ̀ wá wà lórí àga bí ọ̀gá tí ìjọba rán wá yẹ ilé ìwé wò. N ó wo ọwọ́ wọn nínú ẹ̀wà, n ó máa bi wọ́n nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mo wá aṣọ ẹtù rẹ̀ nínú àpótí, wọ́n ní ó ti fún ìyàwó kó tó kú. Mo ní kò burú. Ó burú.

Ìdí nìyẹn tí n ò fi bi obìnrin náà léèrè ohunkóhun nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé mi. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin ni mo gbà lọ. Bàbá kan tó dàgbà jù lágboolé wò mí tipẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

“Ta ló rán ọ? Ṣé lọ́yà ni?”

Mo ní, “Rárá, Bàbá. Ìwé ìtàn ni mo fẹ́ kọ.”

“Ohun tí a sọ fún lọ́yà náà la ní. A ò ní òmíràn nílé.”

N kò dá a lẹ́bi. Níbi tiwa, ẹni tó bá ń béèrè pé ta ló kọ́kọ́ dé ibì kan, ẹjọ́ ló ń wá. Ilẹ̀ tó wà láàrin ìlú méjèèjì ti fa wàhálà pẹ́, ọ̀rọ̀ tí bàbá kan bá fi ṣeré lónìí lè di ẹ̀rí lọ́la, nítorí náà gbogbo wọn ti há ọ̀rọ̀ kan náà sórí, kò lé, kò dín. Kóòtù ò sì pe obìnrin kan rí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo bá kọrí sọ́dọ̀ àwọn ìyá.

Opó ilé mẹ́rin ni mo bá sọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú nínú yàrá rẹ̀. Àwọn ìyá ọkọ wọn ló gbé aba náà, àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ kàn gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ni. Ìyá àkọ́kọ́ ní ìyá ọkọ òun kì í sọ̀rọ̀ aba kó má dárúkọ Adúmáadán àti Afínjú. Ìkejì ní Agùntáṣọọ́lò àti Òpéléngé lòun gbọ́ ní tòun. Ìkẹta dárúkọ Eyínfúnjowó, ó sì fi obìnrin kan kún un, Ìbàdíàrán. Ìkẹrin ní Gbajúmọ̀ àti Awẹ́lẹ́wà. Mo mọ̀ pé orúkọ tí àwọn ìyàwó sọ wọ́n ni, èyí tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ wà ní ikùn àwọn bàbá tó ń bẹ̀rù lọ́yà. Èyí náà tó mi. Orúkọ mẹ́jọ, kò sí èyí tí ìyá méjì jọ sọ! Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó jáde nílé ìyá kẹrin. Àwọn Hakka nìkan kọ́ ló ní baba ńlá.

Mo jókòó, mo ya ìdílé náà sórí ìwé. Ọkùnrin mẹ́fà, ìyàwó méjì. Mo fi Adúmáadán ṣe àgbà wọn. Mo fi Eyínfúnjowó ṣe àbíkẹ́yìn, torí mo ní ẹni tí eyín rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀ kò ní í tíì máa jẹ obì. Ìbàdíàrán àti Awẹ́lẹ́wà, mo pín wọn fún ọkọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi rúlà fa ilà sábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe máa ń fà á sójú pátákó.

Ìgbà méjì ni mo yà nílé àbúrò mi láàrin àkókò yẹn. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé kò sí ohun tí mo lè bá yín ṣe sí iṣẹ́ yìí?” Mo ní kó bá mi ká ẹsẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì mi sókè díẹ̀, ó gùn. Ó sì ká a.

Lọ́jọ́ Sátidé Àjíǹde, ẹbí pàdé ní pálọ̀ àbúrò mi, kí n kọ́kọ́ ka ìwé náà fún wọn kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo dìde, mo wọ awò mi, mo ka orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ ẹni tó ṣe àgbà àti ẹni tó ṣe àbúrò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ tó ti Òṣogbo wá ń fi fóònù ya ìwé náà ní fọ́tò. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin nìkan ni Ìyá fi sílẹ̀ fún wa tó mọ ilé.” Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti ń wá láti ọdún mẹ́ta.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú tíréè ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́. Nígbà tí mo dárúkọ Eyínfúnjowó, ó gbójú sílẹ̀. Nígbà tí mo dé orí Ìbàdíàrán tí mo ní ìyàwó ni, ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Kí n tó parí, ó ti wọlé lọ. Mo rí i, inú mi sì dùn dé egungun. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ó dùn ẹ́, àbí? Àṣé òjòwú ni ìwọ náà.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó múra ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ó kí mi kú ọdún, ó kí mi kú iṣẹ́ àná, ó kí mi kú làálàá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lẹ́yìn ìkíni yẹn.

“Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ má bínú. Tí ohun tí mo fẹ́ sọ ò bá bójú mu, ẹ dárí jì mí.”

“Sọ ọ́.”

“Ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé e fún àwọn atẹ̀wé. Àwọn èèyàn yẹn ò tó mẹ́jọ. Mẹ́ta ni wọ́n.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.

Ó ní àwọn tó lọ pa ahéré síbẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n, ọ̀dọ́ sì ni wọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn dúró nílé ní Ìlobù. Ìyàwó mẹ́rin láti ilé àwọn ẹ̀gbọ́n náà ló máa ń lọ bá wọn kórè, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kò lè pè wọ́n lórúkọ, kálukú bá sọ wọ́n ní èyí tó wù ú. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wọ̀ lójú ń pè é ní Adúmáadán, èyí tó rí gíga rẹ̀ ń pè é ní Agùntáṣọọ́lò, èyí tí ẹ̀rín rẹ̀ wù ní Eyínfúnjowó ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Afínjú, Òpéléngé àti Gbajúmọ̀, ọkùnrin kan ni ìyẹn náà. Ẹ̀kẹta wọn lobìnrin.

“Ìbàdíàrán kì í ṣe ìyàwó, ọkọ mi. Ta ni yóò sọ ìyàwó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ ilé yìí ni wọ́n. Àwọn náà ni Awẹ́lẹ́wà.”

Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Nítorí bó ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń mọ̀ pé òótọ́ ni, mo sì ń mọ̀ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún mi. Akọ̀wé ni mo ń jẹ́ lẹ́nu obìnrin yìí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí ní Arẹwà. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ń pè mí ní Òyìnbó Dúdú títí tó fi kú. Mo ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì di ènìyàn mẹ́ta. Mo wá mú ọkùnrin kan, mo fi dúdú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n, mo fi eyín rẹ̀ ṣe àbúrò.

Mo bi í pé, “Ta ló sọ fún ọ?” Mo mọ ìdáhùn.

“Ìyá ni. Àwọn ló ń sin àwọn ìyàwó àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lóko, àwọn ló ń bá gbogbo wọn jíṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ gbogbo ẹ̀.”

Ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ kí n lè gbà á padà. Mo ní, “Ìwọ ọmọ Ìfọ́n yìí, ìwọ lo wá mọ ìtàn ilé baba mi jù mí lọ?”

Ní ìlú tiwa, lẹ́yìn gbogbo ohun tí ojú ti rí lórí ìjà Ìlobù àti Ìfọ́n, ẹ̀yin mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sunkún, kò sì dìde. Ó ní ó ti pé ogún ọdún tí òun ti ń sùn tí òun ń jí nínú ilé yìí. N kò tọrọ àforíjì. Ohun tí mo rí sọ ni pé tó bá dá a lójú, kó mú mi lọ sí aba náà lọ́la kó fi hàn mí. Mo rò pé á ní òun ò mọ ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀kadà méjì gbé wa dé ibi tí títì parí sí, a fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Ìjà ti rọlẹ̀ lójú ọ̀nà náà nígbà yẹn, síbẹ̀ àbúrò mi ti kìlọ̀ pé kí oòrùn tó yí, kí a ti padà sílé. Nígbà tí a sọdá odò, ó ń ka nǹkan sábẹ́ ahọ́n: igi obì lọ́wọ́ ọ̀tún, òkúta pẹrẹsẹ, kí a gun òkè díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun náà ò dé ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá mi ló ń tẹ̀ lé. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú igbó baba mi, owú ń yún mí lára bíi wèrèpè.

Àlàpà mẹ́ta la bá níbẹ̀. Mo yí ibẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, mo fi igi tú inú koríko, mò ń wá ìkẹrin. Ǹ bá tiẹ̀ rí ẹyọ kan sí i! Mẹ́ta ni. Ó dúró ti èyí tó sún mọ́ odò jù.

“Èyí ni ti Ìbàdíàrán. Ìyá ní Ìbàdíàrán ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n kọ ọkọ nílùú, ẹbí ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní àwọn á kúkú lọ sínú igbó. Ni wọ́n bá fi àdá la ọ̀nà wá. Ó tó oṣù mẹ́ta kí àwọn àbúrò wọn ọkùnrin méjèèjì tó wá bá wọn.”

Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ọmọbìnrin ilé wa, ọmọ ilé bíi tèmi, ló tẹ̀ ẹ́ dó. Mo ti fi rúlà pín in fún ọkọ. Inú mi dùn sí i, inú sì ń bí mi pé ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, méjèèjì wà nínú mi pọ̀.

A jókòó sórí ìtì igi kan. Mo bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ ló sọ fún? Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ rẹ̀ ni?”

Ó ń fi ìka tu koríko. “Mo bi wọ́n, ọkọ mi. Mo ní, Ìyá, ṣé ẹ ti sọ èyí fún Akọ̀wé? Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ọmọ obìnrin, ilé ọkọ ló ń lọ, ìyàwó ló ń gbé ilé. Wọ́n ní àwọn náà ò mọ ti ilé baba àwọn, ti ibí yìí làwọn mọ̀. Wọ́n ní kí n má dààmú nítorí yín, pé ìyá ọkọ yín á ti máa sọ ti ibẹ̀ fún yín.” Ó wá gbé ojú sókè sí mi, kò sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀. “Kí làwọn ìyàwó ń pe àwọn tó tẹ ilé tiyín dó ní Òṣogbo?”

Ìyá ọkọ mi máa ń pè mí. Bí ilẹ̀ bá ti ń tutù, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìn ilé, á ní, “Ìyàwó, wá jókòó tì mí. Kì í ṣe torí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ.” N ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ìwé àwọn ọmọ ni mò ń máàkì.” Òótọ́ ni, ìwé ni mò ń máàkì. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ gbé ilé kan náà. Nígbà tó yá, kò pè mí mọ́, ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lóun nìkan.

Mo sọ fún ìyàwó àbúrò mi pé n ò mọ̀. Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ fẹ́ fi pamọ́ fún mi ni, Akọ̀wé.” Mo ní rárá, n ò mọ ẹyọ kan. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyá ọkọ mi bí, èmi nìkan ni ìyàwó tí wọ́n fẹ́ sílé yẹn, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti sin ín.